Ọmọ mi fẹ́ bá iléèwé lọ sí Ìkejì-Arákejì: ṣé ẹ̀sìn gbà á?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláàmù àlékúmù, Ààfáà. Ọjà'ba n'Ìbàdàn la ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní SS2 níléèwé kan tí ìjọ onígbàgbọ́ dá sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó wọn lọ sí Ìkejì-Arákejì, níbi tí wọ́n ní Ọlọ́run ti pe Wòlíì Babalọlá, kí wọ́n sì gba Òkè Òòyé l'Iléṣà bọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fún wa pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú kẹ́ẹ̀gì kékeré dání nítorí omi àdúrà. Ọmọ náà ní òun fẹ́ bá ẹgbẹ́ òun lọ, pé ètè lásán lòun máa fi ṣe àmín, ohun tó wà lọ́kàn òun ò ní yẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá, pé ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì ti di kèfèrí. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wa alékúmù sàláàm, ìyá wa. Ẹ bá mi kí baálé yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ti le jù. Ẹsẹ̀ tó tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í yọ èèyàn nínú Ìsìláàmù. Umm Salamah àti Umm Habibah, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ìyàwó Ànábì, rí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Hábáṣà, ìyẹn ilẹ̀ Ethiopia, wọ́n sì ròyìn àwòrán inú rẹ̀ fún un. Àwọn tó kọ́ ilé ìjọsìn sórí sàréè, tí wọ́n ya àwòrán sínú rẹ̀, ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá wí. Kò bá àwọn ìyàwó rẹ̀ wí pé wọ́n rí i. Àwọn onímọ̀ yapa lórí wíwọ ṣọ́ọ̀ṣì: àwọn kan gbà á láàyè, àwọn kan kórìíra rẹ̀, pàápàá bí àwòrán tàbí ère bá wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó mú ọ̀rọ̀ kèfèrí wọ̀ ọ́.

Bó bá ṣe pé ìtàn ni wọ́n fẹ́ lọ kọ́, mi ò ní janpata. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ nípa Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ títì ní 1928 kó tó di oníwàásù, tí èrò sì ya lọ sí Òkè Òòyé nítorí rẹ̀ ní 1930. Ó yẹ kó mọ̀ nípa David àti Anna Hinderer, tọkọtaya òyìnbó ajíhìnrere, tó wá gbé n'Ìbàdàn ní 1853. Kúdẹtì tí wọ́n tẹ̀dó sí kò jìnnà sí yín, ẹ lè mú un lọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé.

Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì yẹn! Ẹni tó bá ti rí bí àwa alálàájì ṣe ń gbá omi Sàmúsámù mọ́ra bọ̀ láti Mẹ́kà mọ̀ pé èèyàn kì í gbé irú omi bẹ́ẹ̀ torí òùngbẹ. Ìgbà tí iléèwé bá ti ní kí ọmọ gba omi àdúrà, ìjọsìn ló dà, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìtàn mọ́. Ànábì sì ní ká má di ẹrù ìrìn-àjò àfi lọ sí mọ́sálásí mẹ́ta: ti Haramu ní Mẹ́kà, ti òun ní Mẹ̀dínà, àti Aqsa ní Jerúsálẹ́mù. Bukhari àti Muslim, àwọn tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, ló gbà á wá. Mọ́sálásí tiwa míì gan-an, a kì í torí bùkún ilẹ̀ rẹ̀ rin ìrìn-àjò lọ síbẹ̀, ká má tíì wá sọ ti orí òkè onígbàgbọ́.

Ti àmín orí ètè ló gba sùúrù jù. Mo mọ ibi tí ọmọ yín ti gbọ́ ọ: Súrà Nahl, àáyà 106, tó yọ ẹni tí wọ́n fipá mú sílẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ bá ṣì balẹ̀ lórí ìgbàgbọ́. Àwọn onímọ̀ ní tìtorí Ammar ọmọ Yasir, ọmọlẹ́yìn Ànábì, ló ṣe sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí wọ́n dá lóró títí ó fi sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ta ló ń dá ọmọ yín lóró? Bọ́ọ̀sì iléèwé àti ìrẹsì inú kúlà ló ń fà á. Ẹ má nà án, ẹ má sì pariwo lé e lórí. Ẹ kàn bi í léèrè pé orúkọ ta ni wọ́n máa fi parí àdúrà tó fẹ́ ṣe àmín sí. Ànábì Isa ga lójú wa, ṣùgbọ́n a kì í pè é ní ọmọ Ọlọ́hun, a kì í sì í ké pè é. Ọmọ SS2 ti bàlágà, wọ́n ti ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé láìbínú. Òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 38, ìlà kejì, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́ dara pọ̀ mọ́ ìjọsìn ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ó lè bá wọn lọ, kó dúró síta nígbà àdúrà, kó má sì gba omi. Bí wọ́n bá gbà, tí ọkàn yín sì balẹ̀ pé kò ní tẹ̀ lé èrò, ẹ jẹ́ kó lọ. Bí wọ́n bá kọ̀, kó dúró sílé, kódà bí wọn ò bá dá owó ọkọ̀ padà. Ẹ kìlọ̀ fún un kó má fi ìjọsìn wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Súrà An'ām, àáyà 108, ti kọ̀ ọ́ fún wa.

Bó bá lọ, ọ̀nà ibẹ̀ ju kìlómítà 80 lọ dáadáa, arìnrìn-àjò ni. Kó dín Àìlà àti Àlàásárì kù sí ìrakáà méjì méjì, kó sì mú omi àlùwàlá tirẹ̀ láti ilé. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.