Ṣé mo lè gbé server ímeèlì tèmi kalẹ̀ nílé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nílé n'Íbàdàn, mo sì ti ra domain tèmi, ìyẹn orúkọ tó máa ń wà lẹ́yìn @ nínú àdírẹ́sì ímeèlì. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà di server, kó máa gba ímeèlì mi kó sì máa bá mi fi ránṣẹ́, kí lẹ́tà mi kúrò lọ́wọ́ Google. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. Bẹ́ ẹ bá mọ Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) díẹ̀, Postfix àti Dovecot, àwọn ètò tó ń bójú tó ímeèlì, ò ní dà yín láàmú púpọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ẹ kàn rántí pé bí ẹni tẹ́ ẹ kọ̀wé sí bá ń lo Gmail, ẹ̀dà lẹ́tà yín ṣì wà lọ́dọ̀ Google.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Bí server yín bá kú, server ẹni tó kọ̀wé sí yín á máa gbìyànjú léraléra, ọ̀pọ̀ wọn á ṣe é fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún kí wọ́n tó dá lẹ́tà padà.

Fífi ránṣẹ́ ló le. Port 25 ni ojú ọ̀nà tí àwọn server ímeèlì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ti dí i pa fún oníbàárà ilé nítorí àwọn oníjìbìtì. Spamhaus, àjọ tó ń tọpa àwọn tó ń fi ímeèlì jìbìtì ránṣẹ́, náà ní àkójọ àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tí kò yẹ kí ímeèlì ti ibẹ̀ jáde tààrà, àdírẹ́sì ilé ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Tó bá jẹ́ dátà fóònù lẹ̀ ń lò, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ èèyàn jọ máa pín àdírẹ́sì kan lò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, lẹ́tà ò tiẹ̀ ní rọ́nà wọlé wá bá yín.

Ẹ lè háyà server, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa port 25. Amazon, bí àpẹẹrẹ, máa ń dí i títí ẹ ó fi kọ̀wé béèrè. Àdírẹ́sì IP tí wọ́n bá fún yín dà bí ilé àháyà: bí ayálégbé àná bá jẹ gbèsè sá lọ, ilẹ̀kùn yín ni wọ́n á wá kàn. Torí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí Spamhaus kẹ́ ẹ tó fọkàn sí i.

Ẹ ó kọ SPF, DKIM àti DMARC, tó ń fi hàn pé lóòótọ́ ni lẹ́tà ti ọ̀dọ̀ yín wá, sínú DNS yín (àkọsílẹ̀ domain yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì), ẹ ó sì ní kí àwọn tó ni server fi PTR sí i, kí orúkọ server yín lè jáde bí ẹnikẹ́ni bá wá àdírẹ́sì IP náà. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Gmail ń béèrè PTR àti, ó kéré tán, SPF tàbí DKIM lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i. Síbẹ̀, ó lè gba lẹ́tà yín kó sọ ọ́ sínú spam (àpótí ìdọ̀tí ímeèlì) láìwí nǹkan kan. Èyí ló máa ń bí mi nínú jù: bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ ó rí i nínú log (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ server yín), bí wọ́n bá jù ú sí spam, àfi bí oníbàárà bá pè yín pé òun ò tíì rí nǹkan.

Tó bá jẹ́ èmi ni, màá máa gba lẹ́tà mi sórí server tí mo háyà, màá sì gba ilé iṣẹ́ relay kan kó máa bá mi fi ránṣẹ́. Bí relay yẹn ò bá dáa, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ láìyí àdírẹ́sì ímeèlì yín padà, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń san owó domain yín lásìkò. Kọ̀ǹpútà tó wà nílé yẹn, ẹ jẹ́ kó máa kó ẹ̀dà lẹ́tà yín pamọ́ lójoojúmọ́. Ímeèlì tí báńkì yín ń lò ni kẹ́ ẹ gbé wá sórí àdírẹ́sì tuntun yìí kẹ́yìn.