Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n pa update láptọ́ọ̀pù mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Ẹnjiníà. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ní nítòsí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, mo ń ṣe fọ́tókọ́pì, mo sì ń bá àwọn ọmọ yẹ èsì WAEC wò. Láptọ́ọ̀pù méjì ni mo ní, tòkunbọ̀ ni méjèèjì, Windows 10 ló wà lórí wọn. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọ̀kan ti ń falẹ̀ bí ìgbín. Tí mo bá tàn án láàárọ̀, màá gbálẹ̀ tán, màá tún ra ẹ̀kọ jẹ kó tó ṣí. Ọmọ tó ń bá mi tún un ṣe ní update ló fà á, pé ọgbọ́n àwọn òyìnbó ni kí a lè máa ra tuntun. Ó ní kí n mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà wá kí òun bá mi pa update rẹ̀ pátápátá, pé kò ní jẹ dátà mi mọ́. Ṣé kí n fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ má fún un o. Tó bá máa bínú, kó bínú.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ìbéèrè yìí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sú mi, Màmá, àwọn tó ń tan yín jẹ ni. Ẹ sọ pé ó ń falẹ̀, ẹ sọ pé tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ bóyá hard disk ló wà nínú rẹ̀ tàbí SSD, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó fáìlì pamọ́ sí. Ohun tó yẹ kí ọmọ yẹn kọ́kọ́ wò nìyẹn kó tó dárúkọ òyìnbó kankan.

Ẹ̀rọ tó ti ń falẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, kì í sábà jẹ́ update ló ń ṣe é. Update máa ń dá ẹ̀rọ dúró lóòótọ́, àmọ́ fún wákàtí mélòó kan ni, ó pẹ́ tán ọjọ́ kan tàbí méjì, nígbà tó bá ṣì ń to ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sáyè wọn. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ wá nǹkan mìíràn lọ.

Ohun méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, ibẹ̀ ni ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀. Update kìíní ni àbùlẹ̀: wọ́n rí ihò nínú Windows, wọ́n bu nǹkan lé e. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan ni Microsoft máa ń kó irú èyí jáde. Ẹ lè má tilẹ̀ mọ̀ pé ó dé. Èkejì ni pé kí wọ́n kó yín kúrò nílé tí ẹ mọ̀ lọ sílé tuntun, láti Windows 10 bọ́ sí 11, tàbí láti Android kan bọ́ sí òmíràn. Èyí ló ń gbé bọ́tìnì kúrò níbi tó ti mọ́ yín lọ́wọ́, òun náà ló ń béèrè agbára tí ẹ̀rọ àgbà lè má ní. Ẹ lè kọ èkejì yìí, èmi náà máa ń kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yẹn fẹ́ ṣe, àtèkíní àtèkejì ló máa pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2017. Ihò kan wà nínú Windows, ní apá tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì láàárín ara wọn nínú ọ́fíìsì. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ni Microsoft gbé àbùlẹ̀ rẹ̀ jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn wọlé. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Tó bá ti wọ ẹ̀rọ kan, òun fúnra rẹ̀ á máa wá èkejì kiri. Á ti gbogbo fáìlì pa, á wá ní kí ẹ san 300 dọ́là kí òun tó ṣí i. Ẹ̀rọ tó lé ní 200,000 ló mú, ní orílẹ̀-èdè tó tó 150. Ní Ìlú Ọba, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ń dá aláìsàn padà sílé, wọ́n ń sún iṣẹ́ abẹ síwájú, nítorí pé kọ̀ǹpútà ò ṣí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn ògbólógbòó ẹ̀rọ tó ń lo Windows XP ló bá a lọ jù. Rárá o. Windows 7 ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó sí i lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ Windows 7 ṣì ń gba àbùlẹ̀ nígbà náà. Àbùlẹ̀ ti wà nílẹ̀ dè wọ́n láti bí oṣù méjì. Wọn ò kàn gbà á ni.

Ohun tí àwọn tó ń pa update kì í sọ fún yín ni pé ọjọ́ tí àbùlẹ̀ bá jáde gan-an ni ewu ẹni tí kò gbà á máa ń pọ̀ sí i. Àwọn olè náà ń gba àbùlẹ̀ yẹn. Wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á gbé Windows àná sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòní, ibi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀, ibẹ̀ ni ihò wà. Ó dà bíi pé kápẹ́ńtà ń lọ láti ilé dé ilé lójúmọmọ, ó ń tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé gbogbo àdúgbò ṣe. Olè tó dúró níkòríta ti mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ni ìṣòro wà, ilé tí kápẹ́ńtà ò tíì dé ló kù tó ń wá. Aláǹgbá kì í wọ ògiri tí kò lanu, ṣùgbọ́n ògiri tiyín ti lanu, wọ́n sì ti polongo rẹ̀ láàárín ọjà.

Ẹ lè ní, kí ni olè fẹ́ jí ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì? Ẹ ṣí Downloads yín wò. Ìwé NIN àwọn èèyàn wà níbẹ̀, ìwé ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀, páswọ́ọ̀dù ímeèlì ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ bá ṣí lánàá ṣì lè wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń ki flash wọn bọ ẹ̀rọ yín látàárọ̀ dalẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá kan tó ní irú ṣọ́ọ̀bù tiyín gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá. Mo ki flash tèmi tó mọ́ tónítóní bọ̀ ọ́, mo yọ ọ́, mo gbé e lọ sára ẹ̀rọ mìíràn: gbogbo fódà inú rẹ̀ ti di shortcut, ọfà kékeré yẹn ń wò mí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bàbá yìí ní ó tó oṣù mẹ́fà tí àwọn oníbàárà ti ń bá òun jà pé flash àwọn ń kú ní ṣọ́ọ̀bù òun, òun rò pé aráyé ló ń ṣe òun. Ẹnì kan ti pa update rẹ̀, ó pa Windows Defender tó ń ṣọ́ ọ mọ́ ọn, ó sì fi Windows ayédèrú tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí i. Ẹni náà ló tún ń padà wá gba owó “fífọ fáírọ́ọ̀sì” lóṣooṣù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ fún ẹni tó ń ta àdá, oògùn ni.

Ó dáa, kí ló wá ń ṣe láptọ́ọ̀pù yín? Mi ò tíì fojú kàn án, nítorí náà ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Ojú kan tó ń jẹ́ Task Manager á ṣí. Tó bá kéré, ẹ tẹ “More details”. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí lókè. Tó bá dúró sórí 100% fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ hard disk ló ń mí hẹlẹ.

Àwo pẹlẹbẹ tó ń yí ni hard disk, apá tín-ín-rín kan ń sáré kiri lórí rẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ àwo orin. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ń yí nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ti yí bẹ́ẹ̀ lókè òkun fún ọdún mélòó kan kó tó dé Èkó. SSD ò ní ohunkóhun tó ń yí. Ẹ fi SSD rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì sọ RAM, ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, di 8GB tó bá jẹ́ 4GB ló wà níbẹ̀. Ẹ ò ní parí gbígbálẹ̀ kó tó ṣí mọ́. Owó méjèèjì ò sún mọ́ owó láptọ́ọ̀pù tuntun rárá.

Ẹ tún ní kí wọ́n ṣí ìdí rẹ̀. Mo ti rí fáànù tí eruku ọyẹ́ àti òwú ara aṣọ dì mọ́ bíi òwú ìrọ̀rí. Ẹ̀rọ tí ooru bá mú máa ń dín eré ara rẹ̀ kù kó má bàa jóná, ẹni tó ni ín á sì máa bú update.

Ní ti pé àwọn òyìnbó fẹ́ ká máa ra tuntun, mi ò ní gbèjà wọn. Ní oṣù Kejìlá 2017, Apple jẹ́wọ́ pé update kan ń dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù. Wọ́n ní kí fóònù má bàa máa kú lójijì ni. Wọn ò ṣàlàyé rẹ̀ yé àwọn tó ra fóònù, ìjọba Faransé sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 25 yúrò lé wọn lọ́dún 2020. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó jẹ́ oògùn rẹ̀: ẹni tó pààrọ̀ bátìrì, eré fóònù rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ohun tó gbó ni wọ́n pààrọ̀.

Èyí tó ń bí èmi nínú jù ni Windows 11. Tí processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ yín, bá jẹ́ ti Intel, tí kò sì dé ìran kẹjọ, wọn kì í sábà gbà á wọlé, bó ti wù kó lágbára tó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dáwọ́ àbùlẹ̀ ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Ẹ̀rọ tí kò ní àìsàn kankan, wọ́n sọ ọ́ di arúgbó lọ́jọ́ kan. Ìbínú yín tọ́ níbẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ wà ṣá: wọ́n ní ètò kan tó ń jẹ́ ESU (Extended Security Updates), tí wọ́n fi sún àbùlẹ̀ síwájú dé ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 2026. Ó lè jẹ́ ọ̀fẹ́ tí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé tí ẹ sì jẹ́ kó máa kó ètò ẹ̀rọ yín pamọ́. Ẹ wá a ní Settings, lábẹ́ Windows Update. Lẹ́yìn ìyẹn, Linux Mint, ètò mìíràn tó ń rọ́pò Windows, ni màá fi sí i tó bá jẹ́ tèmi. Ọ̀fẹ́ ni, ó fúyẹ́, ó ṣì ń gba àbùlẹ̀. Ó ń ṣí ìwé Word, àmọ́ ìlà lè yẹ̀ díẹ̀ nígbà mìíràn, ẹ sì kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín dán an wò kí ẹ tó fi gbogbo ara lé e.

Ìgbà kan wà tí èmi gan-an ń pa update. Oníbàárà mi kan ní ẹ̀rọ mónógíráàmù tó jẹ́ pé floppy nìkan ló ń kà, Windows XP ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà tó fi ń ya iṣẹ́ fún un. Iṣẹ́ agbádá ń jáde níbẹ̀ lójoojúmọ́. Mi ò fọwọ́ kan XP yẹn. Ṣùgbọ́n mo yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, mo pa Wi-Fi rẹ̀, flash kankan kì í dé ibẹ̀. Tiyín ò lè rí bẹ́ẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èsì WAEC wà.

Ọ̀rọ̀ dátà ló kù, òótọ́ sì lẹ sọ níbẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, ẹ sọ Wi-Fi yín di “metered connection”. Windows ò ní máa fà á bó ṣe wù ú mọ́, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un pé kó gbà á, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lóru tí dátà bá pọ̀. Ẹ wo Delivery Optimization, ibi tí Windows ti ń pín update láàárín àwọn ẹ̀rọ, kí ẹ fi sí “PCs on my local network” nìkan. Bí ọ̀kan nínú láptọ́ọ̀pù yín bá ti gba update, èkejì lè bù lára tirẹ̀ dípò kó tún jẹ dátà lọ́tọ̀. Tí àbùlẹ̀ bá fẹ́ dé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ pọ̀, ẹ lè dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, torí pé àbùlẹ̀ náà máa ń ní àléébù: lọ́dún 2021, àwọn kan tí wọ́n fi dí ihò ẹ̀ka ìtẹ̀wé da iṣẹ́ rú fún ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì. Kí iná má ṣe lọ lójú rẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì pa á nítorí pé ó dúró sórí 30% fún wákàtí kan.

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ẹ̀rọ náà, ẹ kó fáìlì yín sí ibòmíràn, kí ẹ sì rí i dájú pé ó ń ṣí níbẹ̀. Tí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí nǹkan sọnù, ẹ má ní èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é. Ẹ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún yẹn kún owó SSD. Ọmọ yẹn náà lè bá yín fi sí i, iṣẹ́ tí kò le ni. Àmọ́ kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gba hard disk àtijọ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀, torí NIN àwọn oníbàárà yín ṣì wà lórí rẹ̀.