Ikebana kì í ṣe "òdòdó inú adágún", ẹ jọ̀ọ́

Àbúrò wa kan tó lọ kàwé ní Jàpáànì ló béèrè pé kí ni ìtumọ̀ ikebana, iṣẹ́ òdòdó àwọn ará Jàpáànì, gan-an, pé kí ló dé tó jẹ́ pé ibi tóun bá yà sí, ibùdókọ̀ rélùwéè o, báńkì o, ilé ìpàdé àdúgbò o, òun á ṣáà bá òdòdó kan tí wọ́n dá gbé sórí tábìlì pẹ̀lú káàdì níwájú ẹ̀. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìdáhùn tí ẹnì kan sáré fún un ló bí mi nínú. Ó ní "ike" ni adágún, "bana" ni òdòdó, nítorí náà òdòdó inú adágún ni, wọ́n sì ń gbé e síta láti fi bọ àwọn òkú àdúgbò. Háà! Ta ló rán an níṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Tokyo, Sátidé méjì lóṣù ni mo sì ń jókòó lórí ẹní níwájú ìyá àgbà kan tó ń kọ́ wa níṣẹ́ òdòdó yìí, ìyá tó jẹ́ pé tí mo bá gé ẹ̀ka níbi tí kò yẹ kò ní bú mi, á kàn mí kanlẹ̀ báyìí, ìtìjú á sì gbà mí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kì í ṣe orí fídíò ni mo ti kọ́ ọ.

Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ́ ike tó túmọ̀ sí adágún. Mo tiẹ̀ mọ ibi tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ti ṣìnà. Ẹgbẹ́ òdòdó tó pẹ́ jù ní Jàpáànì ń jẹ́ Ikenobō, ilé òrìṣà Búdà tí wọ́n ń pè ní Rokkakudō ní Kyoto ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ adágún ni ilé àwọn àlùfáà ibẹ̀ wà, orúkọ wọn sì túmọ̀ sí ilé àlùfáà tó wà létí adágún. Ìyẹn ni ike ti Ikenobō. Ike inú ikebana jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá, àmì ìkọ̀wé tí wọ́n fi ń kọ ọ́ náà yàtọ̀. Àwa ọmọ Yorùbá ló yẹ kó kọ́kọ́ yé. Ṣé torí pé ọkọ́ àti ọkọ̀ jọra lójú ìwé, ẹ máa gbé ọkọ́ síta kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ Ìbàdàn?

Ike tibí wá látinú ikeru, ìyẹn ni pé kéèyàn mú nǹkan yè, kó jẹ́ kó wà láàyè. Hana ni òdòdó, tó bá ti wọ inú ọ̀rọ̀ ó máa ń di bana. Òdòdó tí a mú yè. Ibí yìí gan-an ni mo dúró sí, mi ò sì ní kúrò níbẹ̀: ẹni tó bá ń pè é ní "òdòdó títò" kò tíì mọ̀ ọ́n. Bíríkì là ń tò. Ìwé là ń tò, ẹrù là ń tò sẹ́yìn mọ́tò. Òdòdó tẹ́ ẹ ti gé lórí igi, ó ti ń kú lọ nìyẹn, iṣẹ́ ẹni tó mú un dání ni kó dá ẹ̀mí ẹ̀ padà fún ọjọ́ mélòó kan, kó sì jẹ́ kí ẹni tó ń wò ó rí i pé ó ń mí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé Sen no Rikyū ló sọ ọ́, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú àṣà tíì mímu, ẹni tó kú ní 1591. Ó ní "hana wa no ni aru yō ni", kí òdòdó wà bí ẹni pé inú pápá ló wà. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọ̀lẹ fi ń ṣàwáwí. Wọ́n á já koríko, wọ́n á kó o sínú ìgò wúruwùru, wọ́n á ní ṣebí Rikyū ló ní kó rí bíi ti pápá. Irọ́ o! Ìyá wa ló là mí lójú nípa ẹ̀. Ó ní kí n gbọ́ ọ dáadáa, bàbá yẹn ò sọ pé "mama", tó túmọ̀ sí gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lọ́hùn-ún láìyí i padà, "yō ni" ló sọ, ìyẹn ni bí ẹni pé. Bí ẹni pé! Inú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́ yẹn, mo gbé ẹ̀ka kan wá tí ewé bò bámúbámú, inú mi ń dùn, mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa dáa tó. Ó gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé, ọ̀kan, èkejì, ìkẹwàá, ó ń yọ ọ́ títí mo fi ní ìyá yìí ti ba tèmi jẹ́ lónìí. Ó wá ku ewé bíi méje, ọ̀kan nínú wọn kòkòrò ti jẹ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́, mo ní ó yẹ ká yọ ìyẹn náà, ó ní rárá, ìyẹn ni yóò jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé ó gbé ayé rí. Ó gún ìdí ẹ̀ka náà mọ́ kenzan, irin pẹlẹbẹ tí abẹ́rẹ́ kún orí ẹ̀ tí wọ́n ń gbé sínú àwo omi, ó fi í tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi. Ẹ gbà mí gbọ́, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Nínú yàrá tí fèrèsé ẹ̀ tì pa o.

Ìtàn Rikyū yìí kan náà ni pé ọ̀gá ẹ̀ Toyotomi Hideyoshi, tó jẹ́ aláṣẹ gbogbo ilẹ̀ Jàpáànì nígbà yẹn, gbọ́ pé asagao, òdòdó tí orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí ojú òwúrọ̀, kún ọgbà Rikyū bámú, ó ní òun ń bọ̀ wá wò ó. Ìgbà tó débẹ̀, kò bá ẹyọ kan, Rikyū ti gé gbogbo ẹ̀ dànù. Inú bí Hideyoshi. Ó bẹ̀rẹ̀ wọ yàrá tíì, ló bá rí ẹyọ asagao kan ṣoṣo. Àwọn kan ní ìgbéraga Rikyū ni ìtàn yìí ń sọ. Èmi ò gbà. Ọgbà odindi lọ sínú ẹyọ kan kí ẹyọ yẹn lè yè lójú ẹni tó ń wò ó, bó ṣe yé mi nìyẹn.

Tí ẹ bá ti gbà pé nǹkan ẹlẹ́mìí ni, ìbéèrè kejì ti dáhùn ara ẹ̀. Nǹkan tó ń mí tó sì máa kú lọ́jọ́ kẹta, ta lẹ fẹ́ tì í mọ́lé fún? Ó fẹ́ kéèyàn yà wá kí i. Kì í sì í ṣe nǹkan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ torí àlejò òyìnbó, ní 1462 àlùfáà kan kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ pé Ikenobō Senkei, àlùfáà ilé Ikenobō yẹn, kó òdòdó sínú ìkòkò góòlù, àwọn ará Kyoto sì ń dù ú láti wá wò ó. Lóòótọ́ òdòdó tí wọ́n ń gbé síwájú Búdà ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ bíbọ yẹn ti yọ nìyẹn, àmọ́ ó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Ohun tó kó o lọ sí gbọ̀ngàn àdúgbò gan-an ni pé ó ti pàdánù àyè ẹ̀ nínú ilé. Ilé àtijọ́ máa ń ní tokonoma, àyè kan tó wọnú ògiri tí ilẹ̀ ẹ̀ ga díẹ̀, ibẹ̀ ni òdòdó ń gbé, iwájú ẹ̀ sì ni ìjókòó àlejò pàtàkì. Fúláàtì ìsinsìnyí ńkọ́? Tẹlifíṣọ̀n ló wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọmọbìnrin tó bá fẹ́ lọ ilé ọkọ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, ní báyìí arúgbó ló pọ̀ jù nínú kíláàsì, ọ̀pọ̀ ìgbà èmi nìkan ni irun mi ò tíì funfun. Ọpẹ́lọpẹ́ kōminkan, ilé àdúgbò tí ìjọba wọn fi òfin 1949 gbé ró lẹ́yìn ogun, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń kọ́ oríṣiríṣi iṣẹ́ ọwọ́. Ní àsìkò ọjọ́ àṣà wọn, November 3, wọ́n á pàtẹ ohun tí wọ́n kọ́ lọ́dún, ìwé tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kọ, igi kékeré inú ìkòkò, àti òdòdó. Àwọn ẹgbẹ́ tuntun náà ṣe bẹbẹ, Sōgetsu tó bẹ̀rẹ̀ ní 1927 ní kò síbi téèyàn ò lè ṣe é, kò sì sóhun téèyàn ò lè fi ṣe é. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Ẹnì kan tún ní kí n sọ ìdí tí wọn kì í fi lo òdòdó mẹ́rin. Torí pé "shi" ni mẹ́rin, "shi" náà sì ni ikú. Wọn kì í tún gbé òdòdó inú ìkòkò alérùpẹ̀ lọ kí aláìsàn, torí pé ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé ó fi gbòǹgbò múlẹ̀ dún bí èyí tó ń sọ pé àìsàn dá èèyàn mọ́ orí ibùsùn. Ẹnu ń yà yín? Ṣebí àwọn bàbá wa ló ń fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò pé ọkàn mi fà sí ọ. Ẹ lọ bi ọmọ yín lónìí pé kí ni àrokò, á ní ṣé app ni. Ó mà ṣe o.

Tẹ́ ẹ bá dé ibi ìpàtẹ, ẹ fọwọ́ sí ìwé àlejò tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ dúró síwájú òdòdó gan-an, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ojú yín lè bá tiẹ̀ dọ́gba, ẹ wo àyè tó ṣófo náà. Orúkọ ẹgbẹ́ àti ti ẹni tó ṣe é ló máa ń wà lórí káàdì, ó sì lè ní orúkọ àwọn igi tó lò. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ọdún tí tèmi kọ́kọ́ wà níbẹ̀, aago méje àárọ̀ la ti ń bu omi kún àwo. Nígbà tó di aago mẹ́ta ọ̀sán Sunday, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, a ti tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Ìyá wa wé kiku funfun mẹ́ta sínú ìwé ìròyìn fún mi (ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ já yín láyà, òdòdó ọba wọn ni). Ó ní tí mo bá délé kí n má fi àlùmọ́gàjí kan ìdí ẹ̀, ọwọ́ ni kí n fi ṣẹ́ ẹ nínú omi. Mo ṣẹ́ ẹ, mo kì í sínú ìgò kọfí lórí fìríìjì, ó sì wà níbẹ̀ títí oṣù fi parí.