Iná bátìrì tó ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: ẹ má jẹ́ kí wọ́n já a

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbà fún réwáyà tó ní kí òun já iná yẹn kúrò. Ẹ ní bọ́ọ̀sì Volkswagen T3 ni, pé iná bátìrì a máa tàn tọ́kọ̀ bá ti ko kòtò, á tún kú tẹ́ ẹ bá bọ́ sí ọ̀dà, àti pé ẹ ti pààrọ̀ alternator, ẹ̀rọ tó ń cháàjì bátìrì, lẹ́ẹ̀kan. Irú ẹ̀ gan-an ló ṣe èmi náà. T3 ni mo fi ń kó búrẹ́dì láti Ìbàdàn lọ sí Ìwó. Alternator tòkúnbọ̀ méjì àti bátìrì tuntun kan ni mo rà kí n tó mọ ibi tó ti ń ṣe é.

Ohun tí kò yé mi nígbà náà ni pé iná pupa yẹn kì í ṣe amí lásán. Ọ̀nà tó gbà náà ni agbára tó ń jí alternator ń gbà. Tẹ́ ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáàtì, agbára bátìrì á gba ara iná pupa yẹn kọjá ní dáṣíbọ́ọ̀dù, á gba wáyà búlúù kan lọ sẹ́yìn lọ́hùn-ún níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, á wọ ojú tí wọ́n kọ D+ sí lára alternator, níbi tí wáyà yẹn ń so mọ́. Ìgbà yẹn ni pupa ń tàn. Tí alternator bá ti wá ń ṣiṣẹ́, agbára tìhín àti tọ̀hún á dọ́gba, pupa á kú. Tí wọ́n bá wá já a, alternator lè má jí mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ké gan-an, nígbà mìíràn kó má tilẹ̀ jí rárá.

Alternator kejì tí mo rà, ọwọ́ wa la fi pa á. Mẹkáníìkì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń cháàjì, ló bá tú orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bátìrì ló ń gba agbára tí alternator ń tú jáde mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lójijì, agbára náà á fò sókè, ó sì lè jó díódù tó ń darí iná síbi kan ṣoṣo, tàbí régúlétọ̀ tó ń ṣọ́ kí iná má pọ̀ jù. Lọ́jọ́ tèmi, iná iwájú mọ́lẹ̀ wàì lẹ́ẹ̀kan, kò sì cháàjì mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ ra mítà kékeré. Bátìrì tó kún, tọ́kọ̀ ń sinmi, á wà ní bíi fóltì 12.6. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 13.8 sí 14.4 ló dáa. Tó bá ṣì wà ní 12 àti díẹ̀, kò cháàjì nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, búrẹ́dì ṣì kún inú ọkọ̀, ó kú fún mi lójú ọ̀nà. Iná iwájú ti rẹlẹ̀ títí ó fi dà bí àtùpà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n júwe bàbá réwáyà kan fún mi. Bàbá ò tú alternator rárá. Wọ́n ní kí n ṣí kọ́kọ́rọ́, wọ́n yọ wáyà búlúù kúrò lójú D+, wọ́n jẹ́ kó rọ̀ láì kan nǹkan kan. Iná kú, bó ṣe yẹ kó ṣe. Wọ́n wá di ìdì wáyà mú, wọ́n mì ín. Pupa tàn! Wọ́n ní, “Alternator kọ́ o. Wáyà ló ń kan bọ́dì.”

Ibi tí àwọn wáyà ti gba ihò wọ ilé ẹ́ńjìnnì la ti rí i. Rọ́bà tó yẹ kó yí etí ihò náà ká ti gbó dànù, irin sì ti ń rẹ́ ara wáyà lọ díẹ̀díẹ̀. Bàbà ti yọ níbẹ̀, ó ń dán bí òrùka tuntun, kò sì ju hóró ìrẹsì kan lọ. Bàbá ní bó ṣe ń kan bọ́dì yẹn lè ti ba àwọn díódù kéékèèké inú alternator àkọ́kọ́ jẹ́. Wọ́n yọ orí nẹ́gátíìfù bátìrì, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, wọn ò kàn lọ́ ọ kí wọ́n fi téèpù wé e. Wọ́n fi rọ́bà tuntun sí ihò náà. Ọdún kẹrin rèé, iná yẹn ò ṣẹ́jú mọ́.

Tí tiyín ò bá tàn nígbà tẹ́ ẹ mì ín, ẹ wá lọ wo alternator fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí Bosch ṣe, kábọ́ọ̀nù tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí nínú rẹ̀ àti régúlétọ̀ wà pa pọ̀, skúrúù méjì ló dè é mọ́ ẹ̀yìn. Kábọ́ọ̀nù tó ti kù ní 5 mm ti parí, òun nìkan lẹ ó sì pààrọ̀. Ọjà Àrárọ̀mí ní Gate, n'Ìbàdàn, ni mo ti máa ń rí tèmi rà. Tẹ́ ẹ bá sì ṣí kọ́kọ́rọ́ tí pupa ò tàn, tẹ́ ẹ fi ẹnu wáyà búlúù kan irin ẹ́ńjìnnì tí kò tàn síbẹ̀, ẹ wo ike pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ ọ̀nà iná sí lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó máa ń là.

Nǹkan kan tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi ṣeré: tó bá jẹ́ T3 olómi, èyí tí omi ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, ni tiyín, bẹ́líìtì tó ń yí alternator ló ń yí pọ́ǹpù omi. Tí pupa bá tàn lójijì lórí ìrìn tí kò ṣẹ́jú, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ṣí ẹ̀yìn wo bẹ́líìtì, kí ẹ́ńjìnnì má baà hó mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ yọ wáyà búlúù yẹn láàárọ̀ ọ̀la, ẹ mì ín, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tí iná ṣe fún mi.