Ṣé kí agbẹ̀bí yí ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ padà torí ìwádìí tuntun?

Kò ní jẹ́ gbogbo ìgbà. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò ni irú àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí náà àti ohun tí wọ́n wọ̀n. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ ṣe àpẹẹrẹ. Ojú lásán ni ọ̀pọ̀ fi ń díwọ̀n rẹ̀, ojú kì í sì í sábà kà á pé.

Ní 2023, àbájáde ìwádìí kan tó ń jẹ́ E-MOTIVE jáde láti ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa. Ọ̀rá kan tó ní àpò ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìdí ìyálọ́mọ, ìlà tó ń fi iye ẹ̀jẹ̀ hàn sì wà lára àpò náà. Bó bá ti kan 500 mílílítà, wọ́n á fọwọ́ pa ilé ọmọ láti òde ikùn, wọ́n á fún un ní oxytocin, oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì, àti tranexamic acid, oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, wọ́n á fa dírípù sí i, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ tó kọjá lítà kan, iṣẹ́ abẹ tàbí ikú nítorí ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 1.6% nínú àwọn ìyálọ́mọ níbi tí wọ́n ti lo ọ̀nà yìí, ó sì jẹ́ 4.3% níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fọwọ́ sí ọ̀nà náà lọ́dún yẹn kan náà.

Torí pé ìwádìí ibí nìyẹn, kì í ṣe ti òkè òkun nìkan, ni mo ṣe ní kí ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n ṣé tranexamic acid wà lọ́wọ́ yín lóru? Ẹ yanjú ìyẹn ná kí ẹ tó ra ọ̀rá. Bí ara bá sì fu yín kí ẹ̀jẹ̀ tó pé 500, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ìlànà náà fàyè gbà á.