Kí ni wọ́n fi ń fọ ẹnu láàárín wáìnì kan sí òmíràn nígbà ìtọ́wò?

Omi lásán tí kò tutù, pẹ̀lú búrẹ́dì tí kò ní bọ́tà, ti tó. Wáìnì pupa ló ń yọni lẹ́nu jù: èròjà kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní táníìnì máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì inú itọ́, ẹnu á wá gbẹ táútáú bí ẹni jẹ kajú tí kò tíì pọ́n. Omi nìkan kì í mú un kúrò dáadáa. Ẹ jẹ búrẹ́dì díẹ̀, ẹ fi omi yọ ẹnu, ẹ tu ú dànù, kẹ́ ẹ sinmi bí ìṣẹ́jú kan. Wàràkàṣì bá wáìnì mu lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rá rẹ̀ ń bo àléébù wáìnì mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń tọ́ wáìnì wò kó tó rà á, kó yàgò fún wàràkàṣì. Wáìnì funfun ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú pupa, kí aládùn gbẹ̀yìn. Ẹ má sì fi ọṣẹ ìfọyín fọ eyín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o!