Ìdajì Oògùn Ajá Kì Í Ṣe Oògùn Ológbò

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ológbò mi ń họra ṣáá, mo sì rí kòkòrò kéékèèké tí ń fò lábẹ́ irun rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ní oògùn olómi tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn ajá. Ṣé mo lè kán ìdajì rẹ̀ sí ológbò náà lára, nígbà tí kò tóbi tó ajá? — Ìyá kan ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má ṣe kán an rárá, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan péré. Púpọ̀ nínú irú oògùn ajá bẹ́ẹ̀ ni ó ní èròjà apakòkòrò tí a ń pè ní permethrin nínú, èyí tí ẹ̀dọ̀ ajá lè tètè sọ di aláìlágbára, ṣùgbọ́n tí ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní ohun tí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pípọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ń pa ológbò. Májèlé ni oògùn náà fúnra rẹ̀ jẹ́ fún un.

Èyí tí a kọ ológbò sí lára páálí rẹ̀ ni kí ẹ rà, irú èyí tí ó ní fipronil tàbí selamectin. Ìwọ̀n ara ni a fi ń yàn án, nítorí náà ẹ gbé ológbò náà dání lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Ẹ má lò ó fún ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8 láìbi dókítà ẹranko. Ẹ ya irun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sọ́tọ̀, lápá òkè níbi tí ahọ́n rẹ̀ kò lè dé, kí ẹ sì kán an sí awọ ara gan-an, kí àwọn ọmọdé má sì fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbẹ.

Ẹyin kòkòrò wọ̀nyí wà nínú ẹní àti àkísà tí ó ń sùn lé, nítorí náà ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n. Ẹ má fín ọ̀tápíàpíà sí i lára o, bí aládùúgbò tilẹ̀ búra pé ti òun kò kú. Bí wọ́n bá sì kán oògùn sí ajá inú ilé, ẹ ya òun àti ológbò sọ́tọ̀ fún wákàtí 72.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣèèṣì kán oògùn ajá sí i, tí ara rẹ̀ ṣì balẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ dáadáa kí òtútù má baà mú un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń gbọ̀n, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí gìrì mú un, ẹ má fi ìwẹ̀ fa àkókò gùn. Ẹ pe dókítà ẹranko tí ó sún mọ́ yín jù lọ, torí ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn jìnnà tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí yín. Kí ẹ sì mú páálí oògùn náà dání, nítorí orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.